Bùkà, eatery tàbí ilé oúnjẹ ńlá: níbo la ti lè jẹun tó dùn ní Èkó tí owó ò ní tán lápò?

Kì í ṣe òkèlè ló ń gbówó lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹun níta ní Èkó. Ẹran ni. Tí ẹ bá yọ ẹran kúrò, àdúgbò tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ náà ló kàn, lẹ́yìn náà ohun mímu tí ẹ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, owó orí tó wà nísàlẹ̀ bíìlì, àti owó ọkọ̀ tó gbé yín débẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó tó jókòó ló ń jẹun dáadáa ní ìlú yìí. Ẹni tó bá wo iye abọ́ ìrẹsì nìkan, ẹnu máa ń yà á nígbà tó bá fẹ́ dìde.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò lọ́dún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀ lóṣù kejì rẹ̀, iye tó wà lára ògiri ilé oúnjẹ kì í pẹ́ yí padà mọ́. Gáàsì wọ́n, dísẹ́lì wọ́n, èlùbọ́ wọ́n, ìrẹsì wọ́n. Nítorí náà, n kò ní to iye abọ́ kọ̀ọ̀kan síbí. Bí ibì kan ṣe wọ́n ju ibì kejì lọ, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Òun ni mo fẹ́ fi wéra.

Ọ̀nà mẹ́rin ni èèyàn lè gbà jẹun tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ sè ní Èkó: bùkà, eatery, ilé oúnjẹ ńlá tó wà ní Erékùṣù àti ní Ìkẹjà, àti oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá bá wa nílé. Mo máa pẹ́ lórí bùkà, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ tó dára jù tí owó rẹ̀ ṣì mọ níwọ̀n wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí kò mọ̀nà ti máa ń náwó jù.

Bùkà: ẹ mọ ohun tí ẹ ń nàka sí

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ta àmàlà. Obìnrin tó jókòó sídìí kúlà ńlá ni ẹ máa kọ́kọ́ bá. Owó lẹ máa dárúkọ fún un, kì í ṣe iye òkèlè: "Màmá, ẹ bá mi bu ti ẹgbẹ̀rún kan." Á fi ike pẹlẹbẹ tó ti rẹ sínú omi gé e, á yí i sínú abọ́, á ta á sọ́wọ́ ẹni kejì tó ń bu ọbẹ̀. Gbẹ̀gìrì á kọ́kọ́ bọ́ sí i, ewédú á tẹ̀ lé e, ọbẹ̀ ata á wá jókòó láàárín àwọn méjèèjì. Títí dé ibí yìí, owó òkèlè nìkan lẹ jẹ, torí ní ọ̀pọ̀ bùkà àmàlà, ọbẹ̀ kì í ní owó tirẹ̀. Iwájú ẹni kẹta, ẹni tó di àmúga mú lórí agbada ẹran, ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni yìí kì í béèrè iye tí ẹ mú wá. "Ẹ̀gbọ́n, kí ni ká fi sí i?" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, àmúga rẹ̀ á sì ti wà lára ògúnfe kó tó dákẹ́. Tí ẹ bá dáhùn pé "ìyẹn, àti ìyẹn, àti ìyẹn", owó ẹran yín lè ju owó òkèlè lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ béèrè iye ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó tó bọ́ sínú abọ́, torí ẹran tó bá ti kan ọbẹ̀ yín ti di tiyín. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀. Àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ lójoojúmọ́ náà ń béèrè, wọ́n sì ń ní kí wọ́n yí i padà sí èyí tó tóbi díẹ̀.

Bí owó ẹran ṣe máa ń gòkè nìyí ní bùkà púpọ̀: pọ̀nmọ́ ló wà nísàlẹ̀, fùkù àti abọ́dí tẹ̀ lé e, ṣàkì àti ẹran màlúù lásán wà láàárín, ẹ̀dọ̀ gbé e sókè díẹ̀, ògúnfe àti bọ̀kọ̀tọ̀ sì wà lókè téńté. Ìgbín, níbi tí wọ́n bá ti ní in, lè ju gbogbo wọn lọ. Lójú tèmi, ṣàkì kan àti pọ̀nmọ́ kan ló bá àmàlà mu jù lọ, kì í ṣe torí pé owó rẹ̀ kéré nìkan. Ara ṣàkì tó rí hárahàra máa ń di gbẹ̀gìrì mú, tí ẹ bá gé e jẹ, ọbẹ̀ á tún jáde lára rẹ̀. Ògúnfe dùn, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ata ẹlẹ́ran tàbí ẹ̀fọ́ rírò ni mo máa ń pa á mọ́ dè, torí nínú gbẹ̀gìrì, adùn rẹ̀ máa ń sọnù, owó rẹ̀ kò sì ní sọnù.

Báwo la ṣe ń mọ àmàlà tó dára? Èyí tí wọ́n fi èlùbọ́ isu gidi rò máa ń dúdú, ara rẹ̀ máa ń dán, ó rọ̀, kì í fà mọ́ni lọ́wọ́. Níbi tí wọ́n bá ti fi láfún lú u kí èlùbọ́ lè pẹ́, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣí, ó máa ń fà, tó bá tutù díẹ̀ á le. Kò sí ohun tó burú nínú láfún fúnra rẹ̀, àwọn Ẹ̀gbá jẹ ẹ́ dàgbà, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ń san owó èlùbọ́ isu jẹ èlùbọ́ isu. Gbẹ̀gìrì náà ní àmì: èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Ó sì tètè máa ń kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè pé kí wọ́n lọ láàárín aago mọ́kànlá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ọbẹ̀ tuntun ni wọ́n ń bù nígbà náà, ẹran tó dára kò tíì tán, ooru sì ṣì ń jáde lára òkèlè. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti lè gbé ọbẹ̀ kaná lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ó sì san iye kan náà.

Ní ti àwọn tó lórúkọ, mẹ́ta péré ni mo fẹ́ fi wéra, torí àwọn ni ẹni tó ń wá oúnjẹ ní Èkó máa kọ́kọ́ gbọ́. White House ní Yábàá kì í ṣe bùkà olówó pọ́ọ́kú. Orúkọ rẹ̀ ti tàn, èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ sì máa san díẹ̀ lé e lórí ohun tí ẹ bá san ní bùkà tí kò lórúkọ ní òpópónà kejì. Ohun tí ẹ fi owó náà rà ni yíyàn: òkèlè lóríṣiríṣi, ìrẹsì, ẹran tó kún agbada, àti ìdánilójú pé ohun tí wọ́n ń bù ò pẹ́ nílẹ̀, torí ó ń tán. Àmàlà Shitta ní Súrùlérè jẹ́ ti ẹni tó mọ ohun tó wá jẹ. Àbùlà ni wọ́n mọ̀ ọ́n fún, ẹni tó bá fẹ́ jókòó sọ̀rọ̀ pẹ́ kò ní gbádùn rẹ̀ tó ẹni tó fẹ́ jẹun kó máa lọ. Ghana High ní ìhà Oníkan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú Ghana tó fún un lórúkọ, ni mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù. Ẹ ó rí àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì tó so táì mọ́rùn níbẹ̀ tí wọ́n to sórí ìlà. Tí ẹ bá fi wé bùkà Múṣin, ó wọ́n. Tí ẹ bá fi wé ohunkóhun tó wà ní Victoria Island, ẹ máa dúpẹ́.

Tí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan fún ọjọ́ gbogbo, kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bùkà tí kò ní pátákó, tí kò jìnnà sí ibi iṣẹ́ yín, tí ìyá kan náà ń dáná níbẹ̀ lójoojúmọ́, ló ń jẹ́ kí owó oṣù dé ìparí oṣù. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ ojú yín. Ẹni tí ìyá oníbùkà bá ti mọ̀ ń gba èènì láìbéèrè: ọbẹ̀ díẹ̀ sí i, pọ̀nmọ́ kékeré kan tó yọ́ bọ́ sínú abọ́. Ní àwọn ibi ńlá, wọn ò mọ̀ yín, èènì kò sì sí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún bùkà nítorí ìdọ̀tí, mo sì mọ̀ pé ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn gíláàsì àti ẹ̀rọ amúlétutù kò sọ ohunkóhun fún yín nípa ilé ìdáná tó wà lẹ́yìn. Ní bùkà, gbangba ni wọ́n ti ń sè é, ẹ lè fi ojú ara yín wò. Ẹ wo bóyá ìkòkò ọbẹ̀ ní ìdérí, bóyá ó ṣì ń hó tàbí ó ti dákẹ́. Ẹ wo bóyá ọwọ́ tó ń gba owó ló tún ń fọwọ́ kan ẹran. Ẹ wo omi tí wọ́n fi ń ṣan abọ́: ṣé wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀, àbí ó ti di ọbẹ̀ kejì? Kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára pure water kí ẹ tó fi eyín ya á. Tí ìyá tó ń tà á bá ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń ti ilé ìwé dé tí wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀, ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju ìwé ẹ̀rí wolé-wolé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lọ.

Eatery: ohun tí ẹ ń ra gan-an

UAC ló dá Mr Bigg's sílẹ̀ lọ́dún 1986, láti ìgbà náà ni ọmọ Èkó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ra meat pie lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Lónìí, Chicken Republic ló wà ní ọ̀pọ̀ ìkóríta, pẹ̀lú àwọn mìíràn. Agbára eatery ni pé iye wà lókè lórí pátákó, ẹ mọ ohun tí ẹ máa san kí ẹ tó yanu, kò sí ẹni tó máa fi àmúga gún ẹran tí ẹ ò béèrè. Ilé ìyàgbẹ́ wà. Ìjókòó wà. Àwọn ọmọ lè sáré kiri díẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù wọn kò burú, adìyẹ díndín wọn sì máa ń gbóná. Àkópọ̀ oúnjẹ tí wọ́n ti dì pọ̀ ní iye kan, bí èyí tí Chicken Republic ń pè ní Refuel, ló máa ń dín owó kù ju kí ẹ máa tọ́ka sí ohun gbogbo ní ẹyọ ẹyọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi iye tí ẹ san wé bí ikùn yín ṣe yó, bùkà ló borí. Òkèlè kì í ṣe iṣẹ́ wọn, kí ẹ má lọ dán an wò níbẹ̀. Mo máa ń gbani nímọ̀ràn eatery nígbà tí ọmọdé bá wà pẹ̀lú yín, tàbí tí ẹ bá fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ẹ ò tíì mọra tó kí ẹ jọ máa fọwọ́ jẹ àmàlà, tàbí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dí ọ̀nà tí ẹ sì fẹ́ dúró kó rọlẹ̀. Ìjókòó àti afẹ́fẹ́ ni ẹ ń ra níbẹ̀, oúnjẹ kàn tẹ̀ lé e ni.

Ilé oúnjẹ ńlá: ẹ ka ìsàlẹ̀ bíìlì

Terra Kulture ní Victoria Island ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù, torí oúnjẹ ilẹ̀ wa ni wọ́n ń sè, tí ẹ bá sì jẹun tán ẹ lè wo àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri tàbí kí ẹ wọ inú gbọ̀ngàn lọ wo eré orí ìtàgé. Bolanle Austen-Peters ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2003. Ẹ máa san ìlọ́po owó bùkà níbẹ̀, mi ò sì ní pè wọ́n ní olè. Iye owó ilé ní VI, dísẹ́lì tí jẹnẹrétọ̀ ń mu, owó oṣù àwọn tó ń gbé oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú abọ́ yín. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ nítorí àtijókòó, nítorí àlejò tàbí nítorí ìrọ̀lẹ́ tó yẹ kó dùn, kò fi owó ṣòfò. Ẹni tí ebi nìkan gbé débẹ̀ ló fi ṣòfò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ ni ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé oúnjẹ tí ẹ yàn nínú ìwé oúnjẹ jẹ́ ₦10,000. VAT jẹ́ 7.5% láti February 2020, ìyẹn ₦750. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2009 lórí òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ tún fi 5% kún un, ìyẹn ₦500. Ilé oúnjẹ mìíràn á wá fi owó iṣẹ́ (service charge) 10% sí i, ìyẹn ₦1,000. Ẹ ti ń san ₦12,250 báyìí, ẹ ò tíì mu omi. Omi inú ìgò tí wọ́n gbé síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè kì í ṣe ọ̀fẹ́, iye rẹ̀ sì lè tó ìlọ́po mélòó kan iye tí wọ́n ń tà á lójú títì. Ibi mìíràn ti fi gbogbo owó orí sínú iye tó wà nínú ìwé oúnjẹ, ibi mìíràn kò fi sí i. Nítorí náà, ìbéèrè kan ṣoṣo wà tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó bá gbé ìwé oúnjẹ wá: "Ṣé iye yìí ni mo máa san lápapọ̀?"

Ó yẹ kí ẹ tún mọ̀ pé òfin tó dá FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, sílẹ̀ lọ́dún 2018 ní kí olùtajà gbé iye ọjà rẹ̀ síta, kò sì gbọdọ̀ gba owó tó ju iye tó gbé síta lọ. Ilé oúnjẹ kan wà ní VI tó mú bíìlì wá fún wa pẹ̀lú iye tó ju ti inú ìwé oúnjẹ rẹ̀ lọ, wọ́n ní ìwé náà ti pẹ́, wọn ò tíì tẹ tuntun. A ní kí wọ́n gbé ìwé náà padà wá, a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìlì, a fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé iye inú ìwé la máa san. Ọ̀gá wọn jáde, ó wo ìwé, ó wo bíìlì, ó sì gbà. Ẹ má pariwo, ẹ kàn mú ìwé oúnjẹ náà dání.

Bí ẹ bá fẹ́ gbádùn irú ibi bẹ́ẹ̀ kí owó má dà nù, ẹ lọ lọ́sàn-án dípò alẹ́, ẹ wo ìwé oúnjẹ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí Instagram kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì béèrè bóyá abọ́ kan tó ẹni méjì. Lọ́pọ̀ ibi ó máa ń tó, pàápàá ìrẹsì àti ẹja yíyan. Ohun mímu aládùn tí wọ́n fi èso dárà sí létí ife ló ń gba owó jù. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ ìbí.

Oúnjẹ wo, níbo?

Oúnjẹ kan náà kì í dára níbi gbogbo, èyí sì ni ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́sọ́nà kì í sọ. Kì í ṣe ilé oúnjẹ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yàn, oúnjẹ ni.

Àmàlà, bùkà ni, kò sí àríyànjiyàn. Iyán, ẹ wá bùkà tí ẹ ti máa gbọ́ ìró odó. Níbi tí ẹ ò bá gbọ́ ọ, ìyẹ̀fun alápò ni wọ́n fi omi gbígbóná rò fún yín, ẹ ó sì san owó iyán. Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n dì sínú ewé pẹ̀lú ayamáṣe, ibi méjèèjì ni ó ti lè dára, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ ńlá máa ń ṣẹ́ ata rẹ̀ kù torí àlejò, wọ́n á tún dín irú rẹ̀ kù kí òórùn má bàa dà sínú yàrá. Ọ̀fadà tí irú kò pọ̀ nínú ayamáṣe rẹ̀, kí ló kù níbẹ̀? Sùyà, alẹ́ ni, lọ́dọ̀ àwọn ará Hausa tó ti ń ṣe é látayébáyé: Ọbáléńdé fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lórí ìdúró, Glover Court ní Ìkòyí fún ẹni tó gbé ọkọ̀ wá. Ẹ dúró kí wọ́n gé e lójú yín.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí ní oúnjẹ tó pọ̀ níyì jù ní Èkó tí owó rẹ̀ kéré jù, ewà agọ̀yìn ni mo máa dárúkọ. Àwọn obìnrin tó wá láti ìhà Tógò àti Benin ló mú un wọ ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń gbé e lórí kiri láàárọ̀. Ewà náà á ti rọ̀ débi pé ṣíbí á fọ́ ọ, ata rẹ̀ á ti dín nínú epo pupa títí á fi dúdú, tí àlùbọ́sà inú rẹ̀ á di ohun tí ẹ ó máa wá kiri nínú abọ́. Búrẹ́dì Agége tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tó rọ̀, tó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́, ni ẹ máa fi mú un. Kò sí oúnjẹ àárọ̀ eatery kan tó lè dúró níwájú rẹ̀. Ó máa mú ikùn dúró dé aago méjì ọ̀sán, ẹni tó sì jẹ ẹ́ á fi owó ọ̀sán pamọ́.

Ta ni ká gbà gbọ́?

Ìràwọ̀ lórí Google Maps ní ìwúlò, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ilé oúnjẹ ńlá ní ẹni tó ń tọrọ ìràwọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, bùkà kò ní. Nítorí náà bùkà tí kò ní ìràwọ̀ púpọ̀ lè dára gan-an, ilé oúnjẹ tí ìràwọ̀ rẹ̀ kún sì lè máa jẹ orúkọ àtijọ́. Ẹ ka ọ̀rọ̀ àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta, torí àwọn ló máa ń sọ ohun rere àti ohun búburú pọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́: ọ̀rọ̀ iye owó tó ti ṣáájú 2023 kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ wo àwòrán tí oníbàárà fúnra rẹ̀ yà, kì í ṣe èyí tí onílé oúnjẹ gbé síbẹ̀. Ní ti àwọn tó ń ṣe fídíò oúnjẹ lórí Instagram àti TikTok, wọ́n máa ń pe díẹ̀ nínú wọn wá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì lè sọ fún yín bóyá owó náà tọ́.

Àwọn tí mo gbà gbọ́ jù ni àwọn tó ń fi owó ara wọn jẹun ládùúgbò kan náà lójoojúmọ́: àwọn mẹkáníìkì, àwọn akọ̀wé báǹkì, àwọn tó ń ta aṣọ ní Bálógun, àwọn awakọ̀ dánfó tó ń sinmi ní gáréèjì. Ẹ bi méjì nínú wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí wọ́n bá dárúkọ ibì kan náà, ẹ lọ.

Ọkọ̀ tó gbé yín débẹ̀, tàbí èyí tó gbé oúnjẹ wá

Kò sí èrè nínú bùkà olówó pọ́ọ́kú tí ẹ wọ takisí lọ. Ní báyìí, ọkọ̀ ojú irin ti yí ìṣirò yìí padà díẹ̀. Red Line tó ń gbé èrò láti October 2024 ń dúró ní Yábàá lójú ọ̀nà rẹ̀ láti Agbádó sí Òyìngbò, ẹni tó ń gbé ní Agége tàbí Ìkẹjà lè wá jẹun ní Yábàá láìjókòó sínú gọ̀sìlóò. Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ ní September 2023, ń lọ láti Mile 2 dé Marina, láti ibẹ̀ ibi oúnjẹ Erékùṣù Èkó kò jìnnà.

Ní ti oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá ilé, Jumia Food àti Bolt Food ti kúrò nílẹ̀ wa ní ìparí 2023, Chowdeck àti Glovo ni ọ̀pọ̀ ń lò. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n owó ẹran, owó ike, owó iṣẹ́ àti owó ọ̀kadà tó gbé e wá ló pọ̀ sójú kan. Tí ẹ bá ń ra oúnjẹ ẹnì kan, owó gbígbé wá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó oúnjẹ. Tí ẹni mẹ́rin ní ọ́fíìsì bá para pọ̀ láti ibì kan náà, ìgbà yẹn ló tó ní ọgbọ́n. Ẹ tún fi iye tó wà lórí fóònù wé iye tí wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù wọn, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń dọ́gba.

Èyí tó dára jù ni kí ẹ lọ gbé e fúnra yín pẹ̀lú kúlà kékeré láti ilé. Láti January 2024 ni ìjọba Èkó ti fòfin de abọ́ styrofoam, bùkà púpọ̀ sì ń gba owó lórí ike tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Kúlà yín kò ní owó, ó ń mú kí òkèlè gbóná, àwọn kan tún máa ń bu ọbẹ̀ tó pọ̀ sí i torí àyè wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bu gbẹ̀gìrì àti ewédú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Tí ẹ bá délé, ẹ tètè gbé gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata kaná. Ewédú, ẹ kàn mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, torí tó bá hó jù, yíyọ̀ rẹ̀ á lọ.